Àbúrò mi fẹ́ mòòkùn lọ bá ọkọ̀ tó rì ní mítà 70: kí ni kí n bi í kí n tó dá a lóhùn?

Ọmọ Òkè-Fìà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń gbé e kiri lọ́kàn láìrí ẹni bá sọ ọ́ nílé. Àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ń gbé ní New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé sìlíńdà pọ̀n lọ sábẹ́ omi, ó sì ti lọ bá òkú ọkọ̀ púpọ̀ tó wà ní mítà 30 sí 50. Lọ́dún yìí ó parí ẹ̀kọ́ àwọn tó ń fi àdàlù gáàsì lọ sí ibi tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ní Andrea Doria ni òun fẹ́ lọ wò.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ èrò ńlá ti ilẹ̀ Ítálì ni. Ó ń ti Genoa bọ̀ wá sí New York ní òru ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1956 nígbà tí òun àti ọkọ̀ Stockholm ti ilẹ̀ Sweden kọlu ara wọn ní gúúsù erékùṣù Nantucket, níbi tí kùrukùru ti bo ojú òkun. Ó rì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ènìyàn 51 ló bá a lọ nínú ọkọ̀ méjèèjì. Láti ìgbà náà ló ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn sílẹ̀ ní ibi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 73, àwọn òmùwẹ̀ tó sì ti kú lórí rẹ̀ ti lé ní mẹ́wàá.

Ohun méjì ni àbúrò mi ń bèèrè lọ́wọ́ mi. Èkíní ni ìdajì owó gáàsì àti ti ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ. Èkejì, tí ó bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ, ni pé ó fẹ́ fi orúkọ mi sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Màmá wa kò tíì gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí, kí ni kí n bi í?

Ará Ọjà-Ọba

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ Òṣogbo ń wá nínú agbami òkun? A ní Ọ̀ṣun nílé, a kì í tilẹ̀ pa ẹja rẹ̀ nínú igbó, ẹ wá ń wá ọkọ̀ òyìnbó tó ti rì láti ìgbà tí wọn kò tíì bí yín. Ẹ sọ fún un pé kó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àgbà Òmùwẹ̀

Ará Ọjà-Ọba, ẹ rọra. Ìlú tó ń pe ọba rẹ̀ ní Àtáọ́ja, ìyẹn A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, kò lè sọ pé omi kò kan òun. Ọ̀ṣun tí ẹ ń wí yìí náà, inú ọ̀sà Lẹ́kkí ló ń ṣàn lọ.

Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi fún àwọn tó ń wa epo ní ìhà Escravos àti Bonny kí n tó padà wá sílé wá kọ́ ilé sí ọ̀nà Ìkìrun, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Ọmọ Òkè-Fìà, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa àti ohun tí àbúrò yín fẹ́ ṣe kò rí bákan náà. Bí èmi bá wọ omi, akoto irin ló wà lórí mi, òkè ni afẹ́fẹ́ mi ti ń bọ̀ nínú ọ̀pá rọ́bà, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹni tó wà lórí ọkọ̀ nínú tẹlifóònù. Bí mo bá ṣìnà, wọ́n á fà mí. Àbúrò yín kò ní okùn kankan tó so ó mọ́ òkè. Gbogbo ohun tí yóò mí sínú láti ìgbà tó bá wọ omi títí di ìgbà tó bá jáde, ara rẹ̀ ló gbé e sí. Mi ò sọ pé kò dára, nítorí mo mọ àwọn tó ń ṣe é tí wọ́n já fáfá jù mí lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ rántí ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní tòsí Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Mítà 30 péré ni ó wà. Harrison Okene, tó jẹ́ agbọ́únjẹ inú ọkọ̀ náà, wà nínú yàrá kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù sí fún nǹkan bíi wákàtí 60, títí àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá òkú fi rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń mì nínú omi. Òun nìkan ló yè nínú àwọn 12 tó wà nínú ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò gbé e gòkè lọ sínú oòrùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ti pa á. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní akoto, wọ́n mú un wọ inú agogo irin àwọn òmùwẹ̀ (ilé irin kékeré tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ nínú omi), ó sì tún lo ju ọjọ́ méjì lọ nínú yàrá onírin tí wọ́n ti ń dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin yìí kò mòòkùn rí láyé rẹ̀ nígbà náà, omi kò sì bò ó lórí nínú yàrá yẹn, síbẹ̀ ara rẹ̀ ti gba ohun tí ara òmùwẹ̀ ń gbà.

Nítorí náà, ẹ má bi àbúrò yín bóyá ó láyà. Ẹ bi í bí yóò ṣe gòkè.

Ìyá Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àgbà Òmùwẹ̀. Iṣẹ́ àdìrẹ ni èmi ń ṣe, mi ò lọ sí Escravos, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín yẹn ni kò yé mi. Ẹni tó wà lábẹ́ omi tó fẹ́ jáde, kí ló dé tí kò ní jáde? Àwọn tó ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó ń wọlé wọ́n ń jáde láti àárọ̀ di alẹ́. Àbí bí aṣọ ṣe ń mu aró ni ara ènìyàn ṣe ń mu afẹ́fẹ́ náà?

Olùkọ́ Físíìsì

Ìyá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè ara yín, mo sì fẹ́ gba àkàwé náà lọ sí kíláàsì mi ní ọ̀la.

Àwọn awa-yanrìn kì í gbé sìlíńdà. Ẹ̀mí kan tí wọ́n mí sínú lórí omi ni wọ́n fi ń lọ sí mítà díẹ̀ tí wọ́n fi ń padà, afẹ́fẹ́ tuntun kan kò sì wọlé sí wọn lára níbẹ̀. Ẹni tó gbé sìlíńdà, ní tirẹ̀, ń mí afẹ́fẹ́ tí omi ti fún pọ̀. Lórí ilẹ̀ níbí, ẹrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa tó nǹkan bíi báà 1 (báà ni a fi ń wọn irú ẹrù bẹ́ẹ̀). Gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú omi ń fi báà 1 kún un, nítorí náà ní mítà 70 báà 8 ló wà lórí òmùwẹ̀, gáàsì tó ń mí sì ki ní ìlọ́po mẹ́jọ. Gáàsì tó ki bẹ́ẹ̀ a máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara lọ gẹ́gẹ́ bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò ni yóò ṣe mu ún tó. Aṣọ kò sì rí bákan náà: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a tètè mu aró, a sì tètè ṣí, nígbà tí òfì tó nípọn ń pẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ọ̀rá ara ni òfì.

Bí òmùwẹ̀ bá wá sáré gòkè, ẹrù tó di gáàsì náà mọ́ inú ara yóò fúyẹ́ lójijì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí ìdérí rẹ̀ lójijì yóò sì ṣẹlẹ̀ nínú iṣan rẹ̀. Ó lè fi oríkèé ríro mọ síbẹ̀, ó sì lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀ tàbí kó pa á. J. S. Haldane, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Scotland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ìlànà ìgòkè tó fìdí múlẹ̀ jáde fún àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1908, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ewúrẹ́ púpọ̀ dán an wò nínú yàrá onírin (ewúrẹ́ gan-an ni, ẹ má rò pé àpèjúwe ni). Ohun tí wọ́n rí ni pé kí ènìyàn gòkè, kí ó dúró, kí ó tún gòkè, kí ó tún dúró, kí ìdúró náà sì máa gùn sí i bí ó bá ti ń sún mọ́ òkè.

Ìṣòro méjì mìíràn tún wà ní ibi tó jìn bẹ́ẹ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wa yìí a máa pa ènìyàn bí ọtí láti nǹkan bíi mítà 30 lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó gbọ́n lórí ilẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín sí ohun tó fẹ́ pa á. Ọ́síjìn náà, tó jẹ́ ìyè fún wa, a máa di májèlé bí ó bá ki jù. Báà 1.4 ni wọ́n fi ṣe òpin fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, 1.6 fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ní mítà 70 yóò fún un ní 1.68, gìrì sì lè gbé e láìsí àmì kankan ṣáájú. Gìrì lábẹ́ omi, ohun tó wà lẹ́nu yóò já bọ́, ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da hílíọ̀mù mọ́ ọn, nítorí òun kì í pa ènìyàn bí ọtí. Bí àdàlù náà bá jẹ́ ọ́síjìn 15, hílíọ̀mù 50, náítírójìn 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́síjìn rẹ̀ ní mítà 70 yóò jẹ́ 1.2, náítírójìn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán ní mítà 25.

Ìyá Aláró

Ó yé mi wàyí. Ọlọ́run ṣeun tó fi mí sídìí ìkòkò.

Wẹ́dà Ìgbóǹnà

Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè tèmi. Sìlíńdà ọ́síjìn kò ṣàjèjì sí mi, mò ń lò ó lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pọ̀n lọ yìí, ṣé ẹ̀rọ àwọn fọ́kanáísà kò lè fún un ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lágos sọ fún mi pé òun rí i rí.

Àgbà Òmùwẹ̀

Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ fọ́kanáísà kò lè kọjá nǹkan bíi báà 10, nígbà tí sìlíńdà òmùwẹ̀ ń gba 200 sókè. Yàtọ̀ sí èyí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kún fún èéfín ẹ́ńjìnnì àti òróró. Èéfín tí kò ṣe nǹkan kan fún táyà lè pa ènìyàn nísàlẹ̀ nítorí ìlọ́po mẹ́jọ tí Olùkọ́ wí yẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ olóròóró kan orí sìlíńdà ọ́síjìn. Òfin kan náà ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe àbúrò mi lánàá, mo sì bi í bí yóò ṣe gòkè gẹ́gẹ́ bí Àgbà ti wí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun kò mọ̀ pé mo lè bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó fi ìwé ètò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn méjì ni yóò jọ wọ omi. Àdàlù gáàsì rẹ̀ ni èyí tí Olùkọ́ dárúkọ gan-an. Yóò pọn sìlíńdà méjì tí a so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 12, tí wọ́n fún dé báà 200. Yóò tún gbé méjì sí ẹ̀gbẹ́: ọ̀kan tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí ní mítà 21, àti ọ́síjìn pọ́ńbélé tí yóò mí ní mítà 6. Ìṣẹ́jú 20 ni wọn yóò lò nísàlẹ̀, ìgòkè yóò sì gbà wọ́n ní bíi wákàtí kan. Lítà 20 ni ó ní òun ń mí ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà 20 lórí ilẹ̀ yóò di 160 ní ìṣẹ́jú kan ní mítà 70. Ìṣẹ́jú 20 yóò gba 3,200. Sìlíńdà méjì tó jẹ́ lítà 24 lápapọ̀, ní báà 200, jẹ́ 4,800. Yóò ku 1,600 tí yóò fi gòkè dé mítà 21 níbi tí gáàsì kejì ti ń dúró dè é. Lójú mi, ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Kí ó ṣáà kọ ìjìnlẹ̀ tí a ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sára sìlíńdà ẹ̀gbẹ́ yẹn gàdàgbà. Bí ó bá ṣèèṣì fi èyí tó ní ìdajì ọ́síjìn sẹ́nu ní mítà 70, ọ́síjìn báà 4 ni yóò máa mí.

Àgbà Òmùwẹ̀

Olùkọ́, ìṣirò yín pé, ẹ̀yin ni mo sì máa ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lórí ojú-òpó yìí, ṣùgbọ́n ẹnì kan péré ni ẹ ṣírò fún. Àwọn méjì ló wọ omi.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ìṣẹ́jú ogún gan-an, tí wọ́n fẹ́ yí padà, gáàsì ẹnìkejì rẹ̀ tán tàbí ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn méjèèjì yóò wá máa mí láti ẹ̀yìn ẹnì kan. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í mí lítà 20. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 30, kí ó di 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan nísàlẹ̀ láti fi mú ara wọn, láti fi tún nǹkan ṣe, ìyẹn 480. Láti 70 dé 21, bí wọ́n bá ń gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan bó ti yẹ, ìṣẹ́jú 6 ni, ní báà 5.6 ní ìpíndọ́gba. Èyí jẹ́ 2,016. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,500. Ẹ sì ní 1,600 ló kù.

Àwọn méjèèjì yóò kú, tàbí kí wọ́n sáré gòkè láìdúró, tí òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọdún 1992, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì kan tí wọ́n wá mọ̀ sí U-869 lẹ́yìn náà, tó wà ní nǹkan bíi mítà 70 ní òkun New Jersey tí àbúrò yín ń gbé gan-an. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Nǹkan wó lu ọmọ nínú ọkọ̀, bàbá yọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gòkè tààrà láìdúró níbì kankan. Àwọn méjèèjì ni a pàdánù. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn òmùwẹ̀ gidi ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Nítorí náà, pẹ̀lú sìlíńdà lítà 12 méjì, ìṣẹ́jú 14 ni ó ní, kì í ṣe 20. Bí ó bá fẹ́ 20, kí ó wá sìlíńdà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ óò bi í nìyẹn: afẹ́fẹ́ ẹnìkejì dà?

Ará Ọjà-Ọba

Mo ti dákẹ́ láti òkè wá, ṣùgbọ́n mo ń kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi: kí ni wọ́n ń lọ mú níbẹ̀? Ṣé wúrà ni?

Ọmọ Òkè-Fìà

Abọ́ ni o. Àwọn abọ́ tánńganran tí wọ́n fi ń jẹun nínú ọkọ̀ náà ni àwọn òmùwẹ̀ ayé àtijọ́ ń wọlé lọ kó. Ní ti owó, Peter Gimbel, ẹni tó kọ́kọ́ mòòkùn lọ yà á ní fọ́tò ní ọjọ́ kejì tó rì, padà lọ ní 1981, ó sì gbé àpótí irin ìfowópamọ́ kan jáde. Wọ́n ṣí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1984: owó bébà Amẹ́ríkà àti ti Ítálì tí omi ti rin.

Ìyá Aláró

Ilé olóògbé ni ẹ ń kó abọ́ rẹ̀ yẹn. Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Kí àbúrò yín lọ wò ó, kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo.

Àgbà Òmùwẹ̀

Ìyá, ẹ̀yin fi ti ọ̀run wí i, èmi yóò fi ti ilẹ̀ wí i. Inú ọkọ̀ náà ti ń wó láti ọdún pípẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi lélẹ̀, nítorí náà ògiri ló ti di ilẹ̀, tí ilẹ̀kùn di kànga. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ á gbé sókè bí ẹsẹ̀ bá kàn án, ènìyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Àwọ̀n àwọn apẹja tún kọ́ sí i lára káàkiri. Ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ta okùn láti ẹnu ọ̀nà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó má wọlé rárá.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ó lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn.

Nígbà tí mo bi àbúrò mi léèrè afẹ́fẹ́ ẹnìkejì, ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó ní ìṣirò náà wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ òun, ṣùgbọ́n òun fi lítà 20 ṣe é fún àwọn méjèèjì, òun sì gbàgbé ìṣẹ́jú tí wọn yóò lò nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ó ní òun yóò fi hàn ẹni tó kọ́ òun. Ọjọ́ kẹta ló pè padà pé wọ́n ti pààrọ̀ sìlíńdà sí lítà 17 méjì: 6,800 lítà, tí bí a bá yọ 2,500 kúrò yóò ku 4,300, èyí tó ju 3,200 tó nílò lọ. Olùkọ́, mo fọwọ́ ara mi ṣírò rẹ̀.

Mo sọ fún Màmá ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n bínú, kì í ṣe nítorí òkun, bí kò ṣe nítorí pé a ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn wọn. Mo san ìdajì owó náà, mo sì jẹ́ kí orúkọ mi wà nínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ omi ń ṣàn gan-an, olórí ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn ìdákọ̀ró. Ó ní kò rí ọkọ̀ náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó dà bí òkè kan tó yọ lójijì nínú òkùnkùn, àwọ̀n sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àgbà ti sọ. Wọn kò wọlé. Ìṣẹ́jú 18 ni wọ́n lò, ẹnìkejì rẹ̀ sì ló kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ṣe àmì pé kí wọ́n máa gòkè, nítorí òtútù ti mú un lọ́wọ́. Ó ní ìdúró ní mítà 6 ló ṣòro jù, tí ìgbì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lára okùn bí aṣọ tí a sá, tí òun sì ń ronú ìrẹsì Màmá.

Àgbà Òmùwẹ̀

Ẹ bá mi kí i káàbọ̀. Ẹ bi í léèrè: báà mélòó ló kù nínú sìlíńdà ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó jáde?

Ọmọ Òkè-Fìà

Ó ní 90.

Àgbà Òmùwẹ̀

Báà 90 nínú lítà 34. 3,060. Ó gbé afẹ́fẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ padà délé.